Ìgò Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àgbà

Àlàájà Wúlẹ̀mọ́tù ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé Àlùkùránì jáde. Ó ní kí gbogbo ẹni tó ń sùn ní agboolé náà, ọkùnrin, obìnrin, Mùsùlùmí, onígbàgbọ́, bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n gbọ́wọ́ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n búra pé àwọn kọ́ ló fún Karimat, ọmọ ọmọ rẹ̀, ní nǹkan jẹ. Bó ti ń sọ ọ́ ló ń tú ìró rẹ̀ tó tún ń so ó. Ìgò kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó mọ ohun tó wà nínú ìgò náà dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ló rẹ ẹ́.

Aago méje òwúrọ̀ kò tíì lù. Qúdrát, ìyàwó ọmọ rẹ̀, dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé póò ọmọ dání, ó ń gbé e síwájú ẹni yìí, ó ń gbé e síwájú ẹni yẹn, bí ẹni ń kiri ọjà. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú póò náà. Kò ju ẹnu ṣíbí kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ pupa ni, gbogbo wọn sì rí i.

"Ọjọ́ mọ́kàndínlógún!" ni Qúdrát ń pariwo. "Ọjọ́ mọ́kàndínlógún gbáko lọmọ yìí ti ń mu mílíìkì nìkan! Láti ọjọ́ kẹsàn-án lẹ̀jẹ̀ ti dá. Ọmọ ti ń lẹ́ran lára, ó ti ń sáré lọ sílé kéú. Ta ló fún un ní nǹkan? Kó jáde wá, kí n rójú ẹ̀!"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Karimat. Ìfun rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ó ń wú, ó sì ń dá egbò sí ara rẹ̀ láìsí ẹni tó fi abẹ kàn án. Dókítà ní kó má jẹ oúnjẹ kankan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àfi mílíìkì inú agolo kan tí wọ́n kọ fún un, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kí ìfun náà lè sinmi, kí egbò rẹ̀ lè jinná. Kò gbọdọ̀ fẹnu kan búrẹ́dì, kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀kọ. Karimat gbà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà, níbi tí òun náà ń sùn, ìlà kan lójúmọ́. Tí ìlà bá pé méjìlélógójì, dòdò ló kọ́kọ́ máa jẹ. Ó ti sọ fún gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń gbé. Ibẹ̀ kọ́ ni èèyàn ti ń rí ọmọ tí kò jẹun kó máa wò ó níran. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí pé ìyàwó Nojeem ń fi ebi pa ọmọ, pé oúnjẹ ló ń ṣọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí dá Qúdrát dúró lọ́nà Bẹẹrẹ, níbi tó ti ń ránṣọ, ó ní, "Aláàánú ni Ọlọ́run o." Qúdrát yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ gún àtàǹpàkò.

"Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é," ni Nojeem ọkọ rẹ̀ wí. Ó jáde láti inú yàrá pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn. Iṣẹ́ wáyà ni Nojeem ń ṣe, kì í sì í ṣe onísùúrù. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ ní mọ́tò, ìjà dé nìyẹn. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó ṣe kàyéfì ibi tí sùúrù ti bá a lójijì.

"Sùúrù wo?" ni Qúdrát bi í. "Àbí o mọ nǹkan tí o ò sọ?"

"Èmi? Kí lèmi máa mọ̀?"

Felicia ló gba Nojeem lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Tóbi ni wọ́n ń pè é, ayálégbé ni, yàrá tó kángun sí ìdí kànga ló ń gbé, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà. Ó ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ látìgbà yẹn, ó ń gba àdúrà sínú. Nígbà tó rí i pé wọ́n gbé Àlùkùránì jáde lóòótọ́, tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí àga kan, tí wọ́n gbé e sórí rẹ̀, ó tú jáde.

"Èmi ò fún un lóúnjẹ o, Ìyá Kari. Omi àdúrà lásán ni mo fún un."

"Kí lẹ wí?"

"Omi ṣáà ni. Omi kì í ṣe oúnjẹ." Ó gbé itọ́ mì. "Àti mọ́ínmọ́ín. Lọ́jọ́ Sátidé. Kò tó àtàǹpàkò mi yìí. Ọmọ náà rọ̀ jọwọlọ, mi ò lè mú un mọ́ra."

Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Qúdrát gbé póò kalẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè sọ̀rọ̀. Inú Àlàájà dùn débi pé ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá mọ́ínmọ́ín. Ó kó ara rẹ̀ sáàárín àwọn obìnrin méjèèjì, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju ti gbogbo wọn lọ.

"Mọ́ínmọ́ín, Felicia! Nínú ìfun tó légbò! Ata ńkọ́? Àbí o ò fi ata sí i?"

"Díẹ̀ ni, Ìyá."

"Díẹ̀! Ẹ gbọ́ o! Ó ní díẹ̀!" Ó yíjú sí àwọn ará ilé. "Ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ má wulẹ̀ búra mọ́. A ti mọ ẹni tó ṣe é. Ọsibítù ló kàn."

Bó ṣe pa ìbúra tì nìyẹn. Àga náà ṣì wà lọ́dẹ̀dẹ̀, Àlùkùránì ṣì wà lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí gbé e wọlé.

Àlàájà wọ yàrá láti múra. Karimat jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun bíi ti ẹni tí kò sùn. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Àlàájà tẹ̀ sílẹ̀, ó fa ìgò náà jáde, ó fi gèlè wé e, ó rọra tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀. Ìdí méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé tí àwọn bá jáde, ẹlòmíràn lè gbálẹ̀ dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èkejì ni pé ọmọ náà kò tíì lo ti òní.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni Àlàájà kọ́kọ́ tẹ̀ lé wọn dé ọsibítù. Dókítà sọ fún wọn pé inú ìfun èèyàn kún fún kòkòrò tí ojú kò lè rí, pé wọ́n pọ̀ lọ súà, pé wọ́n wúlò, pé àwọn náà wà lára ohun tí òun fẹ́ tọ́jú. Àlàájà kò gbọ́ ìyókù. Kòkòrò! Nínú ikùn Karimat, Àmọ̀kẹ́ òun! Kí wọ́n wá máa fún wọn ní mílíìkì! Ó padà sílé, ó sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni tí orí rẹ̀ pé yóò ṣe. Ó ra ewé asùnwọ̀n, ó ra aáyù, ó ra kán-ún, ó bu omi ògì lé e. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó fi wẹ inú ọmọ méje tí òun bí nìyẹn. Láti Àlàmísì ló ti ń fún un ní ṣíbí méjì láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí ìyá rẹ̀ tó jí. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni," ló máa ń wí, á sì fi etí ìró rẹ̀ nu ọmọ náà lẹ́nu.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin há sínú máíkírà kan. Nojeem wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn, Karimat wà lórí itan ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ gun òkè Mápó, ó sọ̀kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ, ó wá dúró gbọnyin nítorí kẹ̀kẹ́ kan tó ń já ẹrù. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Gàníyù oníkẹ́mísì gan-an ló dúró sí.

Panẹ́bítà ni Gàníyù kó tó di dókítà. Ọdún mẹ́fà ló fi ń na irin mọ́tò, ó wá gbọ́ pé èèyàn ń jèrè nínú oògùn, ó kun ṣọ́ọ̀bù ní àwọ̀ ewé, ó ra kóòtù funfun. Ọmọ húkọ́, kápúsù. Ọmọ ya ìgbẹ́, kápúsù. Eyín ń hù lẹ́nu ọmọ, kápúsù náà ni, ọ̀kan pupa, ọ̀kan ofeefee, tí yóò dà sínú páálí kékeré bí ẹni ń ta ẹ̀pà. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí pé ọmọ ọdún mélòó ni. Tí n bá ń rántí iye ìkókó tó ti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá, inú máa ń bí èmi tí mò ń kọ ìtàn yìí gan-an.

"Bàbá Kari!" ni Gàníyù ké láti ẹnu ọ̀nà, inú rẹ̀ dùn. "Kápúsù ọjọ́sí ńkọ́? Ṣé ó ti dá a dúró?"

Nojeem di adití. Ó ní kí awakọ̀ fọn fèrè.

"Kápúsù wo?" ni Qúdrát bi í láti ẹ̀yìn.

"Tèmi ni. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

Àlàájà kò wo ẹnikẹ́ni. Ó wo ẹ̀yìn orí ọmọ rẹ̀, ó rí òógùn tó ń ṣàn lọ sínú kọ́là rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ sì yé e kedere. Ọmọ òun ni lóòótọ́. Ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹ̀súbáà.

Dókítà Hilda kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ dán bíi ti ẹni tí wọ́n bí sí Bẹyẹrúnkà. Ó tẹ ikùn Karimat níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Ó gbé e sórí ìwọ̀n. Kílò kan àbọ̀ tó ti fi sanra, ó ti sọ kílò kan nù nínú rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Dókítà wá fa àga mọ́ iwájú ọmọ náà.

"Karimat, mi ò ní bínú sí ẹ. Kí lo jẹ yàtọ̀ sí mílíìkì?"

"Mọ́ínmọ́ín kékeré. Lọ́jọ́ Sátidé."

"Ìyẹn nìkan?"

Karimat gbójú sókè, ó ń wo fáànù tí kò yí. "Ìyẹn nìkan, mà."

"Ǹjẹ́ wọ́n fún ẹ lóògùn kankan?"

"Rárá, mà."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí Qúdrát. "Mọ́ínmọ́ín kékeré kan ò lè fa gbogbo èyí. Tó bá jẹ́ pé òótọ́ nìyẹn, a jẹ́ pé mílíìkì ò ràn án mọ́. A máa dá mílíìkì náà dúró lónìí. Oògùn tó lágbára ju èyí lọ la máa bẹ̀rẹ̀. Oògùn dáadáa ni, mo máa ń lò ó fẹ́ni tó bá nílò ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa dín agbára tára fi ń lé àìsàn kù. Ojú ẹ̀ lè wú. Kì í wù mí kí n fún ọmọ tí kò nílò ẹ̀. Tíyẹn náà ò bá ràn án, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ máa wọ̀ ọ́."

Qúdrát bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò pariwo. Omi kàn ń dà lójú rẹ̀ sórí bàtà ọmọ rẹ̀. Nojeem ń wo ilẹ̀.

"Dókítà," ni Àlàájà wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Àwọn kòkòrò tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́sí. Tí wọ́n bá kú ńkọ́? Ṣebí ikùn máa mọ́ ni?"

Dókítà yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ìyá, wọ́n sọ fún mi pé ẹ ti ta ògì rí."

"Ogójì ọdún. Ní ìsàlẹ̀ Mápó."

"Kí ló ń mú ògì kan?"

"Omi ti tẹ́lẹ̀ ni. Èmi máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìkòkò, kí tuntun lè tètè kan."

"Kòkòrò ló wà nínú omi tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ yẹn. Àwọn ló ń mú un kan. Wọn ò pa ẹnikẹ́ni, ẹ ti fi tọ́mọ. Irú wọn ló wà nínú ìfun Karimat. Àwọn tó dáa máa ń bá a mú oúnjẹ dà, wọ́n sì máa ń bá a ṣọ́ ara ìfun. Nínú àìsàn yìí, ètò wọn ti dàrú, a ò sì tíì mọ gbogbo ohun tó dà á rú. Mílíìkì yẹn ń fún ìfun nísinmi kí nǹkan lè padà tò. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ń fi nǹkan líle fọ inú ìkòkò yẹn..."

Dókítà kò tíì sọ ọ́ tán tí Àlàájà ti rántí. Ọdún kan wà tí ọmọ ìyá ọkọ rẹ̀ wá ràn án lọ́wọ́, tó fi oògùn ilé ìyàgbẹ́ fọ ìkòkò ògì nítorí ó ń rùn. Odindi ọ̀sẹ̀ ni ògì kò fi kan. Ó ń yọ̀, ó ń rà, ó ní àwọ̀ burúkú, gbogbo oníbàárà sá. Ó bú ọmọbìnrin náà títí ó fi padà sí ìlú rẹ̀. Ó wá jókòó síbí báyìí, ó gbé ìgò dání nínú báàgì, ó rí i pé òun ló fọ ìkòkò lọ́tẹ̀ yìí.

Ó wo Karimat. Ọmọ náà ṣì ń wo fáànù, ó pa ẹnu pọ̀ débi pé ètè rẹ̀ funfun. Àlàájà ṣí báàgì. Ó tú gèlè. Ó gbé ìgò náà sórí tábìlì dókítà, láàárín àwọn pépà.

"Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni," ló wí. "Ṣíbí méjì láràárọ̀, láti Àlàmísì. Èmi ni. Ọmọ náà ò fẹ́ tú mi fó ni."

Qúdrát gbé ìgò náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé e padà. "Ìyá," ló wí nígbẹ̀yìn, "ẹ̀yin lẹ ní ká gbé Àlùkùránì jáde."

"Èmi ni."

Lọ́dẹ̀dẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ń ka orúkọ ọmọ ẹlòmíràn. Àlàájà fi ìgúnpá gún ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mú tìẹ náà jáde."

"Tèmi wo, Ìyá?"

"Ẹ̀yìn tó ń dùn ẹ́ yẹn. Mú un jáde."

Nojeem ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó mú páálí kékeré kan jáde. Kápúsù mẹ́rin ló kù nínú mẹ́wàá. "Ọjọ́ Jímọ̀ ni," ló wí fún ilẹ̀. "Mo ti mọ́sálásí dé, mo rí i tó ń sáré lọ sílé ìyàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo rò pé... Gàníyù ní á dá a dúró. Mo ní kí Kari má sọ fún ìyá ẹ̀ kó má bàa bá mi jà."

Dókítà gbé ìgò, ó gbé páálí, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Ìyá àgbà fún un ní nǹkan tó mú un máa yàgbẹ́. Bàbá rí ìgbẹ́, ó fún un ní nǹkan tó ń pa rere pa búburú nínú ìfun. Ayálégbé rí i tó rẹ̀ ẹ́, ó fún un ní mọ́ínmọ́ín." Ó dé ìdérí ìgò náà pinpin. "Ẹ gbọ́. Mílíìkì ò tíì kùnà. Ẹ̀yin lẹ kùnà. A ò ní bẹ̀rẹ̀ oògùn líle lónìí. Ẹ máa lọ sílé, kẹ́ ẹ padà sí ọjọ́ kìíní. Tẹ́jẹ̀ ò bá dá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbé e wá, mi ò sì ní bi yín ní nǹkankan mọ́."

Nínú máíkírà tó gbé wọn padà, Karimat sùn sórí itan ìyá rẹ̀. Qúdrát kò bú ìyá ọkọ rẹ̀. Ìbá sàn fún Àlàájà tó bá jẹ́ pé ó bú u.

Ìrun àsárì ti kọjá nígbà tí wọ́n délé. Àwọn ará ilé ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn fẹ́ gbọ́. Felicia jókòó lọ́tọ̀, ó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, abọ́ kan tí wọ́n fi ìdérí bò wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ọbẹ̀ lásán ni," ló yára wí. "Ti Ìyá Kari ni, láti fi bẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe tọmọ."

Àlàájà kò wọ yàrá. Ó gba ìdí kànga lọ, ó ṣe àlùwàlá, ó padà wá sídìí àga tí Àlùkùránì wà láti àárọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e.

"Ẹ má bá Felicia jà mọ́," ló wí. "Èmi ni. Èmi ló fún un lágbo. Mo fi Ọlọ́run búra pé ọwọ́ mi ò ní gbé nǹkankan kan ẹnu ẹ̀ mọ́ títí dókítà á fi ní ó tó. Ẹni tó bá sì gbé tiẹ̀ wá, ojú èmi ni yóò kọ́kọ́ rí."

Ìyá arúgbó kan ní igun ní, "Àmọ́ oyin díẹ̀ ò lè..." Àlàájà yíjú sí i. Ìyá náà gbé oyin rẹ̀ padà sábẹ́ ìró.

Nínú yàrá, Karimat ti rẹ àkísà sínú omi. Ó dúró níwájú ògiri, ó ń wo ìlà mọ́kàndínlógún rẹ̀ tó tò ní ìlà kan gbọọrọ. Kò tíì pa ẹyọ kan rẹ́.

"Àmọ̀kẹ́," ni Àlàájà pè é. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Kí ló dé tí o ò sọ pé èmi ni?"

"Ẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Bàbá náà ní kí n má sọ. Ìyá Tóbi náà, kó tó jẹ́wọ́ fúnra ẹ̀ láàárọ̀ yìí." Ọmọ náà ń fún omi nínú àkísà, ó rọra ń fún un. "Gbogbo yín lẹ ń sọ pé torí ẹ fẹ́ràn mi ni. Mi ò mọ èyí tí mo máa kọ̀."

Àlàájà dìde. Ó na ọwọ́, ó gba àkísà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pa ìlà náà rẹ́, láti orí kìíní dé orí ìkọkàndínlógún, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri títí kò fi sí àmì kankan mọ́ àfi omi. Ó dúró kí ó gbẹ. Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ìlà kìíní tó fà yí sápá kan.

Karimat tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wò ó. "Ó wọ́, Ìyá Àgbà."

Àlàájà pa á rẹ́, ó sì tún un fà.